Ọkọ̀ ìṣeré tó wà lábẹ́ ibùsùn

Ìbéèrè tó tẹ̀ mí lọ́wọ́ rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ méjì ni mo bí: obìnrin, ọmọ ọdún 10, àti ọkùnrin, ọmọ ọdún 6. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, èmi àti ọkọ mi máa ń kó ẹrù lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí, a sì máa ń mú àwọn ọmọ wa dání kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàánú. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọkọ̀ ìṣeré kan nínú ti ọmọkùnrin yìí, mo ní kó gbé e fún ọmọ kan níbẹ̀. Ó gbé e fún un lóòótọ́, àmọ́ ó sunkún títí a fi délé. Ọdún tún ti dé tán báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mò ń gbálẹ̀, mo rí i pé ó ti kó gbogbo ohun ìṣeré rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tiẹ̀ kì í janpata, ohunkóhun tá a bá ní kó mú wá ló ń mú wá, àmọ́ ohun tó kọ́kọ́ bi mí lọ́dún yìí ni pé ta ló máa ya àwọn ní fọ́tò. Ìyá ọkọ mi ní ahun lọmọkùnrin yìí máa yà. Kí ni kí n ṣe kó má baà rí bẹ́ẹ̀?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún.

Ọmọ yín kì í ṣe ahun. Mo fi èyí ṣáájú nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ìyá ọkọ yín sọ yẹn ti gún yín lọ́kàn. Ohun tí ọmọ yín ṣe ni ohun tí ẹnikẹ́ni tí wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí máa ń ṣe: ó wá ibi tí ọwọ́ ò ti ní tó èyí tó ṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ ká tún ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn wò. Ta ló yàn án nínú àwọn yòókù? Ẹ̀yin ni. Ta ló pinnu pé kó kúrò nílé? Ẹ̀yin náà ni. Ta ló yan ọmọ tí wọ́n máa gbé e fún? Kì í ṣe òun. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kan ọmọ tí kò tíì ju ọdún 5 lọ nígbà yẹn ni pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹ̀yin lẹ tọrẹ lọ́jọ́ náà. Òun, wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ohun tó ń sunkún lé lórí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní ọ̀rọ̀ tó máa fi ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké tí mo sì ń gba àwọn òbí níyànjú, síbẹ̀ ọmọ inú mi gan-an ni mo fi ṣe é. Ó ní ọmọláńgidi kan tí apá rẹ̀ kan ti yọ. Mo rò pé kò wúlò fún un mọ́, mo sọ ọ́ sínú àpò ẹrù tá a fẹ́ fi tọrẹ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá a. Nígbà tí mo sọ ibi tó wà fún un, kò sunkún, ó kàn ń wò mí ni. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kí n lọ jókòó ti iṣẹ́ àwọn tó ti fi ọdún gbọọrọ wádìí bí ọmọdé ṣe ń kọ́ láti fúnni. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yí bí mo ṣe ń tọ́ ọmọ padà.

A sábà máa ń ṣe bíi pé òfìfo ni ọmọ nígbà tó wá sáyé, pé àwa la máa bu ìlawọ́ sí i nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2006, Felix Warneken àti Michael Tomasello, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílùú Leipzig ní Jámánì, ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú àwọn ọmọ oṣù 18. Àgbàlagbà kan á máa sá aṣọ sórí okùn, pẹ́ẹ̀gì tó fi ń há a á já bọ́, á nawọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ ò ní tó o. Kò bẹ ọmọ náà lọ́wẹ̀, kò ṣèlérí nǹkan kan fún un, kò tiẹ̀ ní dúpẹ́. Àwọn ọmọ yìí, tí ìrìn ò tíì dá lẹ́sẹ̀ wọn tán, á ta gẹ́ẹ́gẹ́ẹ́ lọ síbẹ̀, wọ́n á he pẹ́ẹ̀gì náà, wọ́n á nà án sí i. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ṣe irú ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Ó tún kù. Ní 2012, Lara Aknin, Kiley Hamlin àti Elizabeth Dunn ṣe tiwọn ní Kánádà pẹ̀lú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Wọ́n bu bísíkíìtì wínníwínní sínú abọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá gbé ọmọláńgidi kan tó ń ṣe bíi pé ó ń jẹun síwájú rẹ̀. Nígbà míì, bísíkíìtì míì tí olùwádìí ṣe bíi pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ni wọ́n ní kí ọmọ náà fún un. Nígbà míì, kó bù ú látinú abọ́ ara rẹ̀ ni. Àwọn tó wá wo ojú àwọn ọmọ náà nínú fídíò rí i pé inú wọn dùn nígbà tí wọ́n ń fúnni ju ìgbà tí wọ́n ń gba tiwọn lọ. Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni pé ìgbà tó jẹ́ pé inú abọ́ tiwọn ni wọ́n ti bù ú ni inú wọn dùn jù. Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ délẹ̀ ti mọ adùn tó wà nínú kéèyàn yọ nínú tirẹ̀ fún ẹlòmíì.

Ibo wá ni adùn náà gbà lọ nígbà tí ọmọ pé ọdún 3, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju "Tèmi ni! Tèmi ni!" lọ? Kò lọ síbì kankan. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ohun tó ń jẹ́ níní ni. Ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan jẹ́ tòun kò lè fi í tọrẹ, ó kàn lè jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ òun ni. Ernst Fehr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn ọmọ ọdún 3 sí 8 ní Switzerland, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2008: tara wọn nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 3 àti 4 ń rò nígbà tí wọ́n bá ní kí wọ́n pín nǹkan, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá fi pé ọdún 7 sí 8, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti ń fẹ́ kó dọ́gba. Àárín ọ̀nà yẹn gan-an ni ọmọ yín wà báyìí, ó ń rìn bọ̀.

Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí. Ní 2013, Craig Smith, Peter Blake àti Paul Harris fún àwọn ọmọ ọdún 3 sí 8 ní sítíkà, wọ́n bi wọ́n pé mélòó ló yẹ kí wọ́n fún ọmọ míì. Gbogbo wọn, títí kan èyí tó kéré jù, ló mọ̀ pé ìdajì ló yẹ. Nígbà tó wá kan kí wọ́n pín in, àwọn kéékèèké mú èyí tó pọ̀ fún ara wọn. Nígbà tí wọ́n sì bi wọ́n ṣáájú pé mélòó ni wọ́n máa fún un ní tòótọ́, wọn ò parọ́. Wọ́n sọ iye tí wọ́n máa fún un gan-an. Ẹ rí i pé kì í ṣe ìmọ̀ ló ṣaláìní. Ọmọ yín mọ̀ pé ó dáa kéèyàn fúnni, ẹ ti sọ ọ́ fún un, wọ́n sì ti sọ ọ́ fún un nílé ìwé. Ìwàásù kọ́ ló kù tẹ́ ẹ máa ṣe fún un. Ó kù kẹ́ ẹ fún un láyè láti pinnu.

Láàárín gbogbo ohun tí mo kà, ibi tí mo gbé ọ̀rọ̀ yín lé nìyí. Nadia Chernyak àti Tamar Kushnir, tí wọ́n wà ní yunifásítì Cornell nígbà náà, fi ọmọláńgidi ajá kan tí inú rẹ̀ ò dùn han àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní sítíkà kan. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé dandan ni kí wọ́n fi sítíkà náà fún ajá. Wọ́n ní kí àwọn míì yàn fúnra wọn: ṣé wọ́n á fi fún ajá ni àbí wọ́n á mú un fún ara wọn? Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ọmọláńgidi míì wá, wọ́n fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní sítíkà mẹ́ta, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ kí wọ́n yàn tẹ́lẹ̀ ló fún ọmọláńgidi kejì ní nǹkan jù. Ọdún 2013 ni wọ́n gbé èsì yẹn jáde. Bí mo ṣe lóye rẹ̀ ni pé ọmọ tó yàn láti fúnni nígbà tó láyè láti má fúnni ti rí nǹkan kan nípa ara rẹ̀, ohun tó rí yẹn ló sì ń mú lọ síbi tó kàn. Ẹni tí wọ́n fipá mú kò rí nǹkan kan ju agbára àgbàlagbà lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ ẹrù ọdún rárá, ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọkùnrin yín. Mo mọ̀ pé èyí le. Àwọn kan á ní kí ni àgbàlagbà ń bẹ ọmọdé fún. Àmọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ọ ni pé ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíì ní iyì, kò sì sí ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà kọ́ ọ ju pé kẹ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún tirẹ̀. Ẹ jókòó tì í níbi tí kò ti sí ẹlòmíì, ẹ sọ ọ́ ní ṣókí: "Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọkọ̀ rẹ láìbi ọ́. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Má bínú. Tìẹ ni àwọn tó wà lábẹ́ ibùsùn, mi ò ní mú ìkankan níbẹ̀ láìjẹ́ pé ìwọ lo sọ pé kí n mú un." Ẹ má fi "ṣùgbọ́n" kan kún un. Tẹ́ ẹ bá ti ní "ṣùgbọ́n ṣé o mọ̀ pé àwọn ọmọ yẹn ò ní nǹkan," àforíjì náà ti bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fún un ní nǹkan tó jẹ́ tirẹ̀ tó lè pín. Ó lè jẹ́ owó díẹ̀ nínú kóló, tí ẹ̀yin àtòun jọ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bi í bó ṣe ná an. Ẹ sọ fún un pé ó lè fi í ra nǹkan fún ara rẹ̀, ó lè tọ́jú rẹ̀, ó lè fún ẹnì kan níbẹ̀, kó sì jẹ́ pé òótọ́ lẹ sọ. Ọmọ máa ń mọ ìbéèrè tí ìdáhùn kan ṣoṣo wà fún. Tó bá ní òun fẹ́ fúnni, ẹ jẹ́ kó yan ẹni tó fẹ́ fún àti ohun tó fẹ́ fún un, kó tẹ̀ lé yín lọ rà á, kó dì í fúnra rẹ̀, kódà bó bá dì í wọ́gọwọ̀gọ. Kò pọn dandan kó jẹ́ ohun tó fẹ́ràn jù. Àgbàlagbà mélòó nínú wa ló ń fi ohun tó fẹ́ràn jù tọrẹ?

Ẹ má sì kẹ́dùn pé ó kéré. Elizabeth Dunn tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun àti Lara Aknin pẹ̀lú Michael Norton, fún àwọn èèyàn kan ní dọ́là 5 tàbí dọ́là 20 láàárọ̀ ọjọ́ kan. Wọ́n ní kí àwọn kan ná an fún ara wọn, kí àwọn yòókù ná an fún ẹlòmíì kó tó di ìrọ̀lẹ́. Èsì yẹn jáde ní 2008. Inú àwọn tó ná an fún ẹlòmíì ló dùn jù nígbà tí ilẹ̀ ṣú, 5 àti 20 ò sì mú ìyàtọ̀ wá. Ohun tí ọmọ ọdún 6 mú látinú kóló rẹ̀ tó ọrẹ.

Ìkìlọ̀ kan rèé tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi tọkàntọkàn: ẹ má ṣèlérí èrè. "Tó o bá fún wọn ní ọkọ̀ yìí, màá ra tuntun fún ẹ" máa ń dùn lẹ́nu òbí tó ti rẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ Warneken àti Tomasello tún padà síbi àwọn ọmọdé wọn ní 2008, àwọn ọmọ oṣù 20 lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ń fún àwọn kan ní ohun ìṣeré bí wọ́n bá ti ranni lọ́wọ́. Wọn ò fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n dá èrè náà dúró, àwọn tó ti ń gbà á tẹ́lẹ̀ ni ìrànwọ́ wọn dín kù. Àwọn tí kò gba nǹkan kan rí ń bá iṣẹ́ àánú wọn lọ. Èrè yẹn sọ oore di ọjà, ọjọ́ tí kò bá sì sẹ́ni tó máa sanwó, ọlọ́jà á kó igbá rẹ̀ nílẹ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ "ahun" yìí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ bá ìyá ọkọ yín jiyàn, mo sì gbà pé ìfẹ́ ọmọ ọmọ wọn ló mú wọn sọ ọ́. Àmọ́ orúkọ máa ń ro ọmọ. Ní 2014, Christopher Bryan, Allison Master àti Gregory Walton bá àwọn ọmọ ọdún 3 sí 6 sọ̀rọ̀ nípa ìrànwọ́. Wọ́n sọ fún àwọn kan nípa kéèyàn "ranni lọ́wọ́", wọ́n sì sọ fún àwọn yòókù nípa kéèyàn jẹ́ "olùrànlọ́wọ́". Àwọn tó gbọ́ orúkọ yẹn ló ń fi eré wọn sílẹ̀ láti wá ranni lọ́wọ́ jù. Bí orúkọ rere bá lè fa ọmọ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀rù ibi tí orúkọ burúkú tí wọ́n ń pè é lójoojúmọ́ lè fà á lọ. Ẹ lọ bá màmá, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá yín ṣe nǹkan kan: kí wọ́n sọ fún ọmọ ọmọ wọn nípa ọjọ́ kan tí ẹnì kan ṣe wọ́n lóore nígbà tí nǹkan le fún wọn. Kò sí àgbàlagbà tí kò ní irú ìtàn yẹn. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà rẹ̀ á mọ̀ pé ẹni tó ń gba ọrẹ kì í ṣe ẹ̀yà èèyàn kan tó wà lọ́nà jíjìn. Ìyá àgbà òun náà ti gbà á rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tẹ̀gbọ́n wàyí, nítorí ká má fi ti ẹkún àbúrò gbàgbé rẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yìí ló gbẹgẹ́ jù. Ọmọ tó ń sunkún ń sọ òótọ́ inú rẹ̀ fún yín. Ọmọ tó ń mú ohun gbogbo wá, tó wá ń bèèrè ẹni tó máa ya fọ́tò, ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ pé ẹ kọ́ ọ: pé ibi tí wọ́n ti ń wo ọrẹ ni ọrẹ ń parí sí. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Àwọn Yorùbá ní a kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í, àmọ́ fóònù ti wá di ìjókòó tá a fi ń lóṣòó ti oore lóde òní.

Ẹ má bá a wí. Ẹ bi í léèrè. Ẹ ní kó fojú inú wo ọmọbìnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ilé yẹn, tí àlejò dé bá, tí wọ́n ní kó dúró, kó rẹ́rìn-ín, kó di àpò tí wọ́n gbé fún un mú, tí fọ́tò náà sì lọ sójú gbogbo ayé. Ní ọdún mẹ́wàá sí i, tó bá ń wá iṣẹ́ tàbí tó fẹ́ ṣègbéyàwó, fọ́tò yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́? Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Àwọn Ọmọdé, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1989, sọ ọ́ nínú abala 16 rẹ̀ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ara rẹ̀ àti sí iyì orúkọ rẹ̀. Àìlóbìí kò gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún 10 lè lóye èyí dáadáa, kódà ó lè dùn ún débi tí á fi máa sọ fún ẹ̀yin pé kẹ́ ẹ fi fóònù sílé. Ẹ fi í sílé lóòótọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Maimonides, ọ̀mọ̀wé Júù tó kú ní 1204, to ọrẹ àánú sí ìpele mẹ́jọ. Ó fi èyí tí olùfúnni àti ẹni tó ń gbà kò ti mọ ara wọn sókè, nítorí ojú kò ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èyí tó wá fi ga ju gbogbo wọn lọ ni kéèyàn ran ẹnì kejì lọ́wọ́, bóyá nípa ẹ̀bùn, àwìn owó, àjọṣe òwò tàbí iṣẹ́, débi tí kò fi ní nílò ọrẹ mọ́. Ẹ fi ìpele wọ̀nyẹn ṣe eré pẹ̀lú ọmọbìnrin yín. Ẹ ní kó ronú oore kan tó lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí tí ẹni tó ṣe é fún ò ní mọ̀ pé òun ni. Ìdùnnú tó wà nínú irú àṣírí bẹ́ẹ̀ tó láti díje pẹ̀lú fọ́tò, mo ti rí i lójú ọmọ tó pọ̀.

Ìrìn àjò ọdún fúnra rẹ̀ ńkọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ má lọ. Oore ọdún ní ìdí rẹ̀: nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wọ́n ní láti yọ sàká ìtúnu àwẹ̀ kí wọ́n tó kírun ọdún, kí aláìní náà lè rí ohun tó máa fi ṣọdún lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì ń yọ ọ́ lórúkọ gbogbo ará ilé, títí kan ọmọ kékeré. Ìyẹn yé mi. Ohun tí mo ní lòdì sí ni kí àwa máa pinnu ohun tí wọ́n nílò fún wọn. Lẹ́yìn tí ẹnì kan yìnbọn pa àwọn ọmọ àtàwọn olùkọ́ wọn nílé ìwé kan nílùú Newtown ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2012, àwọn èèyàn tí àánú ṣe fi ohun ìṣeré ránṣẹ́ láti ibi gbogbo. Béárì onírun nìkan tó wọlé tó nǹkan bí 65,000, nílùú tí gbogbo èèyàn inú rẹ̀ kò tó 30,000. Àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ tún wá ń wá ilé ìkẹ́rùsí. Ìfẹ́ ló kó gbogbo béárì yẹn wá, mi ò ṣiyèméjì, àmọ́ ta ló kọ́kọ́ bi wọ́n?

Ẹ pe àwọn tó ń bójú tó ilé náà lórí fóònù kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, kí àwọn ọmọ yín sì wà níbẹ̀ kí wọ́n gbọ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ló kù díẹ̀ káàtó. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní owó ilé ìwé ni, tàbí oògùn, tàbí ìwé àti bàtà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní àwọn àlejò ti kún ọwọ́ àwọn lóṣù yìí, pé oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ gbà. Àsìkò ọdún làwọn èèyàn ń rọ́ wá sí irú ilé bẹ́ẹ̀. Bí ọdún bá ti kọjá, ẹsẹ̀ á pa rọ́rọ́. Ẹ kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà ilé níbi tí àwọn ọmọ ti lè rí i. Àwọn ohun tá a sì ti lò tẹ́lẹ̀, ìbéèrè kan ni kẹ́ ẹ bi ara yín lórí wọn: ṣé mo lè gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láì tijú? Ọmọláńgidi alápá kan tí mo gbé jáde lọ́jọ́sí, mi ò jẹ́ gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi láéláé. Ẹ̀bi mi méjì ló wà lọ́jọ́ náà, èkejì ló pẹ́ kó tó yé mi.

Tẹ́ ẹ bá wá dé ibẹ̀, ẹ má ṣe bí ẹni tó wá pín nǹkan kó sì lọ. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ jọ ṣeré, kí ọmọ yín gba nǹkan lọ́wọ́ wọn: eré kan tí kò mọ̀, orin kan, ìtàn kan. Ọmọ tó gbà nǹkan padà lọ́wọ́ ẹni tó fún kò ní wò ó bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ òun. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n máa rí oore tí ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún. Philippe Rushton ṣe ìwádìí kan ní 1975 pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 7 sí 11, níbi tí àwọn ọmọ ti wo àgbàlagbà tó ń fúnni àti èyí tó ń kó gbogbo rẹ̀ fún ara rẹ̀, tí kálukú wọn sì ń sọ̀rọ̀ lórí ìlawọ́ tàbí lórí ìmọtara-ẹni. Ohun tí àgbàlagbà náà ṣe ni àwọn ọmọ tẹ̀ lé ju ohun tó sọ lọ, ó sì ṣì hàn lára wọn lẹ́yìn oṣù méjì. Bẹ́ ẹ bá gbé oúnjẹ fún aládùúgbò tó ń ṣàìsàn, ẹ má rọra yọ́ ọ ṣe. Ẹ ní kí ọmọ bá yín di ìdérí mú.

Bí ọmọkùnrin yín bá ní òun ò fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lọ́dún yìí ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Èyí ló máa dán yín wò jù, pàápàá bí ìyá ọkọ yín bá ń wò yín. Tẹ́ ẹ bá sọ fún un pé ó lè yàn, tẹ́ ẹ wá bínú sí ohun tó yàn, ẹ ti gba ọkọ̀ kejì lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ mú un dání, kó bá yín gbé ẹrù látinú ọkọ̀ wọlé, kó ṣeré pẹ̀lú wọn, kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo bó ṣe fẹ́. Ẹ má béèrè nǹkan kan lọ́nà ilé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi lẹ́yìn ọdún. Mi ò nílò kẹ́ ẹ sọ ohun tó fún wọn fún mi. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni bóyá àwọn ohun ìṣeré náà ti jáde kúrò lábẹ́ ibùsùn.